Òlíḿpíìkì London 2012: Ohun tí ṣọ́ọ̀ṣì àti aráàdúgbò ṣe, ohun tí wọ́n jèrè, àti ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ fún wa

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ẹni tó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù. Òwe yìí bá ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ yẹ̀ wò lónìí mu rẹ́gí. Nígbàkígbà tí ìlú kan bá fẹ́ gbàlejò ìdíje eré ìdárayá àgbáyé, pápá ìṣeré tuntun, àwọn gbajúmọ̀ eléré ìdárayá àti àmì ẹ̀yẹ wúrà ni gbogbo ojú máa ń wò. Ẹni tó ń béèrè pé orí ilẹ̀ ta ni wọ́n fẹ́ kọ́ pápá náà sí kì í pọ̀. Ta ni yóò gba àwọn àlejò sílé? Ta ni yóò gbá ilẹ̀ ibẹ̀, èló ni wọn yóò sì san fún un? Nígbà tí ayẹyẹ bá parí, tí àlejò bá lọ, kí ni yóò ṣẹ́ kù fún ẹni tó ni àdúgbò?

Ìlú kan tí gbogbo ìbéèrè wọ̀nyí ti jẹ yọ kedere ni London, nígbà tí wọ́n gbàlejò Òlíḿpíìkì ọdún 2012. Ọ̀rọ̀ náà sì kan àwa ọmọ káàárọ̀-o-ò-jíire gbọ̀ngbọ̀n, nítorí pé ọ̀kan nínú àwọn ilé ìjọsìn tí wọ́n wó kí ìdíje náà lè ráàyè, ọmọ Yorùbá ló dá a sílẹ̀.

Àdúgbò tí wọ́n yàn

Ọjọ́ kẹfà, oṣù Keje, ọdún 2005 ni Ìgbìmọ̀ Òlíḿpíìkì Àgbáyé jókòó ní Singapore, tí wọ́n sì dìbò yan London. Ìbò 54 ni London ní, Paris sì ní 50. Ọ̀kan nínú ohun tí àwọn tó ń polówó London tẹnu mọ́ ni pé àwọn kò ní í gbé ìdíje náà lọ sí àdúgbò olówó. Wọ́n ní apá ìlà-oòrùn ìlú náà, ní Stratford àti agbègbè rẹ̀, ni àwọn yóò gbé e lọ, kí ó lè sọ ibẹ̀ dọ̀tun. Ilẹ̀ náà tàn dé ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́rin: Newham, Hackney, Tower Hamlets àti Waltham Forest.

Àdúgbò mẹ̀kúnnù ni agbègbè yìí nígbà náà. Ilé iṣẹ́ àtijọ́, ojú irin, àkìtàn àti odò tí kò mọ́ ló pọ̀ níbẹ̀. Síbẹ̀, ahoro kọ́. Àwọn ènìyàn tó wá láti Bangladesh, láti erékùṣù Caribbean, láti Gánà àti Nàìjíríà ló ń gbé lágbègbè náà pẹ̀lú àwọn aláwọ̀ funfun tó ti wà níbẹ̀ látayébáyé. Nítorí pé ilé ìkẹ́rùsí àti ilé iṣẹ́ tó ti kógbá sílé níbẹ̀ kò wọ́n tó ti àárín ìlú, irú ilé bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ìjọ àwọn aláwọ̀ dúdú gbà, tí wọ́n tún un ṣe, tí wọ́n sì sọ ọ́ di ilé Ọlọ́run.

Òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fàyè gbà á kí àjọ ìjọba gba ilẹ̀ tí gbogbo ìlú yóò lò, bí onílẹ̀ tilẹ̀ kọ̀. Onílẹ̀ lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ ẹ̀dùn ọkàn rẹ̀ níwájú ìgbìmọ̀ ìwádìí, àmọ́ mínísítà ló ni àṣẹ ìkẹyìn, owó gbà-má-bínú ni wọn yóò sì san fún ẹni tí wọ́n gba ilẹ̀ rẹ̀. Òfin yìí ni àjọ tó ń rí sí ìdàgbàsókè London lò. Nígbà tó fi máa di àárín ọdún 2007, ilé iṣẹ́ tó lé ní igba ti kó kúrò níbẹ̀. Àwọn ènìyàn tó lé ní irinwó tí wọ́n ń gbé nínú ilé alájùmọ̀ní Clays Lane náà kó jáde, wọ́n sì wó ilé ọ̀hún. Oko kéékèèké bí ọgọ́rin, tí wọ́n ń pè ní Manor Garden, tí àwọn aráàdúgbò ti ń gbin ẹ̀fọ́ sí látọjọ́ pípẹ́, ni wọ́n kó lọ sí Leyton.

Ìjọ KICC àti ilẹ̀ Waterden Road

Láàrin àwọn tí wọ́n ní kí wọ́n kúrò ni ìjọ Kingsway International Christian Centre, èyí tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí KICC. Pásítọ̀ Matthew Ashimolowo ló dá a sílẹ̀. Ọdún 1984 ni ọmọ Yorùbá yìí dé London láti dá ẹ̀ka ìjọ Foursquare sílẹ̀ níbẹ̀, ní ọdún 1992 ló sì bẹ̀rẹ̀ KICC pẹ̀lú àgbàlagbà bí igba àti ọmọdé bí ọgọ́rùn-ún. Nígbà tó di ọdún 1998, ìjọ náà ti kó wọ gbọ̀ngàn tí wọ́n tún ṣe ní òpópónà Waterden, ní Hackney. Nǹkan bí ẹgbẹ̀rún mẹ́rin ènìyàn ló lè jókòó níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ìjọ tí gbọ̀ngàn rẹ̀ tóbi tó bẹ́ẹ̀ ṣọ̀wọ́n ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí wọ́n ti ń ti ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́ pa nítorí àìsí èrò.

Nígbà tí wọ́n yàwòrán ibi tí ọgbà Òlíḿpíìkì yóò wà, ilẹ̀ KICC bọ́ sínú rẹ̀. Ní ọdún 2007, ìjọ náà kó jáde. Wọ́n gba owó gbà-má-bínú, àmọ́ owó nìkan kò tó láti fi kọ́ ilé ìjọsìn ní London. Ìṣòro tó wà nídìí ọ̀rọ̀ yìí yẹ kí òǹkàwé mọ̀.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ilẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní ohun tí ìjọba fọwọ́ sí pé kí wọ́n lò ó fún. Ilẹ̀ tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún ilé iṣẹ́, ẹnikẹ́ni kò lè sọ ọ́ di ṣọ́ọ̀ṣì láìgba àṣẹ. Àwọn ìjọba ìbílẹ̀ kì í sì í fẹ́ fún ni láṣẹ bẹ́ẹ̀, nítorí wọ́n gbà pé ilé iṣẹ́ ni yóò gba àwọn ọ̀dọ́ síṣẹ́. Wọ́n tún máa ń ro ti ọkọ̀ tí yóò kún ojú pópó lọ́jọ́ Ìsinmi. Bẹ́ẹ̀, ilẹ̀ ilé iṣẹ́ yìí gan-an ni èyí tí apá ìjọ tó tóbi lè ká. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí KICC nìyẹn. Wọ́n rí ilẹ̀ sí Rainham, wọ́n fẹ́ kọ́ gbọ̀ngàn tí yóò gba ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ ènìyàn síbẹ̀, àmọ́ ìjọba kò fọwọ́ sí i, wọ́n ní ilẹ̀ ilé iṣẹ́ ni. Ìjọ náà lo gbọ̀ngàn mìíràn ní Walthamstow fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà ni wọ́n ra ilẹ̀ sí Chatham ní Kent, nǹkan bí ọgbọ̀n máìlì sí àárín London. Ẹni tó ti ń fi ẹsẹ̀ rìn lọ sí ìsìn láti ilé rẹ̀ ní Hackney wá di ẹni tí yóò máa wá ọkọ̀ lọ sí ìpínlẹ̀ mìíràn.

Ìṣòro ilé ìjọsìn yìí kì í ṣe ti KICC nìkan. Ní ọdún 2013, àwọn olùwádìí láti Yunifásítì Roehampton ka ìjọ àwọn aláwọ̀ dúdú tó wà ní Southwark, ìjọba ìbílẹ̀ kan ṣoṣo ní gúúsù London, wọ́n sì bá 240 níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló wà nínú ilé ìkẹ́rùsí àti ọgbà ilé iṣẹ́. Ìyẹn ni pé bí ìjọba bá tún fẹ́ sọ irú àdúgbò bẹ́ẹ̀ dọ̀tun, àwọn ni yóò kọ́kọ́ kan.

Àdéhùn tí wọ́n ṣe kí ìdíje tó dé

Àwọn ẹgbẹ́ kan wà tí wọn kò dúró dìgbà tí ìwé ìlékúrò dé. Láti ọdún 1996 ni àwọn ṣọ́ọ̀ṣì, mọ́ṣáláṣí, ilé ẹ̀kọ́ àti ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ní ìlà-oòrùn London ti kó ara wọn jọ sínú àjọ kan tí wọ́n ń pè ní TELCO. Àwọn ìjọ Kátólíìkì, àwọn ìjọ Mẹ́tọ́díìsì àti Mọ́ṣáláṣí Ìlà-oòrùn London tó wà ní Whitechapel wà lára àwọn tó jókòó pọ̀. Ní ọdún 2001 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìpolongo pé kí àwọn agbanisíṣẹ́ máa san owó-ọ̀yà tí òṣìṣẹ́ lè fi jẹun, tó sì lè fi san owó ilé. Ohun tí àwọn àlùfáà ń rí nínú ìjọ wọn ló bí ìpolongo yìí: bàbá tó ń ṣe iṣẹ́ agbálẹ̀ méjì lójúmọ́, tí kò ráàyè rí àwọn ọmọ rẹ̀, tí owó tó ń gbà kò sì tún tó o ná.

Nígbà tí ìjọba London bẹ̀rẹ̀ sí í du Òlíḿpíìkì, TELCO tètè ta mọ́ra. Wọ́n mọ̀ pé Ìgbìmọ̀ Òlíḿpíìkì Àgbáyé máa ń wádìí bóyá àwọn aráàdúgbò fẹ́ ìdíje náà tàbí wọn kò fẹ́. Wọ́n mọ̀ pé lákòókò yẹn, àwọn aláṣẹ nílò ọ̀rọ̀ rere láti ẹnu wọn. Ní ọdún 2004, nígbà tí ẹnikẹ́ni kò tíì mọ̀ bóyá London ni yóò wọlé, wọ́n gbé ìwé àdéhùn kalẹ̀, Ken Livingstone tó jẹ́ Máyọ̀ London nígbà náà àti Sebastian Coe tó jẹ́ alága àwọn tó ń du ìdíje náà sì fọwọ́ sí i. Ohun tí wọ́n béèrè kò ṣòroó yé: kí àwọn ọmọ àdúgbò rí iṣẹ́, kí wọ́n kọ́ wọn ní iṣẹ́ ọwọ́, kí owó-ọ̀yà tó jẹun, kí ilé tí mẹ̀kúnnù lè rà wà níbẹ̀ lẹ́yìn ìdíje, kí ilé ẹ̀kọ́ àti ètò ìlera sì gbé pẹ́ẹ́lí sí i.

Kí la rí nínú rẹ̀? Ní ti owó-ọ̀yà, ìgbìmọ̀ tó ṣètò ìdíje náà gbà á wọlé, London 2012 sì di Òlíḿpíìkì àkọ́kọ́ tí irú ètò bẹ́ẹ̀ wà nínú rẹ̀. Ní àkókò ìdíje náà, owó-ọ̀yà tó kéré jù lọ tí òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì là sílẹ̀ fún àgbàlagbà jẹ́ £6.08 ní wákàtí kan. Owó-ọ̀yà tó tó jẹun ní London jẹ́ £8.30. Bí agbálẹ̀ tàbí alásè bá ṣe iṣẹ́ ogójì wákàtí ní ọ̀sẹ̀, ìyàtọ̀ tó wà láàrin méjèèjì jẹ́ £88.80. Ẹni tó bá ti san owó ilé rí ní London mọ̀ pé ìyẹn kì í ṣe owó kékeré.

Ní ti ilé, ọ̀rọ̀ náà kò yára. Ohun tí TELCO béèrè ni pé kí ilẹ̀ díẹ̀ wà ní ìkáwọ́ àjọ àdúgbò títí láé, kí iye tí wọn yóò máa ta ilé orí rẹ̀ máa bá owó tó ń wọlé fún àwọn aráàdúgbò mu, kí olówó má baà rà á lọ. Ilé irú èyí tó kọ́kọ́ dé ní London, àwọn mẹ́tàlélógún péré, kò sí nínú ọgbà Òlíḿpíìkì rárá. St Clements, ọsibítù àtijọ́ kan ní Mile End, ni wọ́n wà. Ọdún 2017 ni àwọn tó kọ́kọ́ rà wọ́n kó wọlé, ìyẹn ọdún mẹ́tàlá lẹ́yìn ìfọwọ́síwèé. Láàrin àkókò yẹn, àwọn pásítọ̀, àwọn lémọ́ọ̀mù àti àwọn olùkọ́ ń pààrọ̀ ọwọ́ lórí ọ̀rọ̀ náà, wọ́n ń lọ, wọ́n ń bọ̀ lọ́dọ̀ àwọn aláṣẹ. Bí wọ́n bá ti ká ìwé àdéhùn náà sínú àpótí, ó ṣeé ṣe kí ẹyọ kan má dé.

Àwọn ìjọ tó gbàlejò

Ẹ̀gbẹ́ kejì ọ̀rọ̀ yìí ni iṣẹ́ ìsìn àti ìgbàlejò. Kì í ṣe òní ni ṣọ́ọ̀ṣì àti Òlíḿpíìkì ti ń bá ara wọn rìn. Nígbà tí London gbàlejò ní ọdún 1908, Bíṣọ́ọ̀bù Ethelbert Talbot láti Amẹ́ríkà wàásù fún àwọn eléré ìdárayá ní kàtídírà St Paul. Inú ìwàásù yẹn ni Pierre de Coubertin, ẹni tó jí ìdíje náà dìde, ti mú èrò tí gbogbo ayé wá mọ̀ mọ́ Òlíḿpíìkì, pé kíkópa ṣe pàtàkì ju bíborí lọ.

Fún ti ọdún 2012, àwọn ìjọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti orí Áńgílíkà, Kátólíìkì, Mẹ́tọ́díìsì àti Onítẹ̀bọmi dé orí àwọn Pẹ́ńtíkọ́sì, gbé àjọ kan kalẹ̀ tí wọ́n pè ní More Than Gold. Iṣẹ́ tó wúni lórí jù nínú ohun tí wọ́n ṣe ni ti gbígba òbí àti ẹbí àwọn eléré sílé. Wọ́n máa ń san owó ọkọ̀ eléré, wọn kì í san ti ìyá rẹ̀. Owó hòtẹ́ẹ̀lì ní London sì ti gun òkè àjà nígbà náà. Àwọn ọmọ ìjọ wá ṣí ilé wọn sílẹ̀, wọ́n gba àwọn ẹbí eléré sílé láìgba kọ́bọ̀, kí ìyá lè wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí ọmọ rẹ̀ yóò sáré.

Àwọn mìíràn dúró sí ibùdó ọkọ̀ ojú irin, wọ́n ń tọ́ àlejò sọ́nà, wọ́n ń fún ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ lómi. Àwọn ìjọ mìíràn gbé amóhùnmáwòrán ńlá síta kí àwọn aráàdúgbò tí kò rí tíkẹ́ẹ̀tì rà lè jọ wòran. Ní ọjọ́ 27, oṣù Keje, ọdún 2012, tí ìdíje bẹ̀rẹ̀, agogo mẹ́jọ kọjá ìṣẹ́jú méjìlá ní òwúrọ̀ ni aago ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì dún káàkiri ilẹ̀ náà fún ìṣẹ́jú mẹ́ta.

Kì í ṣe gbogbo ohun tó wù wọ́n ni wọ́n lè ṣe o. Òfin tí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ṣe ní ọdún 2006 dáàbò bo àwọn ilé iṣẹ́ tó fi owó ńlá ṣe onígbọ̀wọ́. Àmì òrùka márùn-ún Òlíḿpíìkì kò ṣeé fi sára ìwé ìpolongo láìgba àṣẹ. Kódà, bí ènìyàn bá fẹ́ fi ọ̀rọ̀ bíi “2012” pa pọ̀ mọ́ “London” tàbí “wúrà” lórí ìwé ìpolongo, ó ní láti ṣọ́ra gidigidi. Àwọn ìjọ ní láti kọ́ bí wọn yóò ṣe pe àdúgbò wá sí àpèjẹ láìlo orúkọ ayẹyẹ tí wọ́n ń ṣe.

Nínú abúlé tí àwọn eléré ń gbé, wọ́n kọ́ ibi àdúrà kan fún ẹ̀sìn márùn-ún: Kristẹni, Mùsùlùmí, Júù, Híńdù àti Búdà. Àwọn aṣáájú ẹ̀sìn tó wà níbẹ̀ kò wá láti sọ ẹnikẹ́ni di ọmọ ìjọ. Iṣẹ́ wọn ni láti gbọ́ ẹ̀dùn ọkàn ọmọ tó fi ọdún mẹ́rin múra sílẹ̀, tó wá ṣubú láàrin ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá, tàbí ẹni tí ìròyìn ọ̀fọ̀ bá lójú ọ̀nà àjò.

Ọdún yẹn kan náà ni ìdíje bọ́ sínú oṣù Rámádáánì. Ní ìgbà ooru ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ojúmọ́ máa ń gùn débi pé ààwẹ̀ ọjọ́ kan ń lọ sí wákàtí méjìdínlógún. Àwọn olùṣètò wá fi yàrá ìjẹun sílẹ̀ ní ṣíṣí tọ̀sán-tòru, wọ́n sì di oúnjẹ ìṣínu sílẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́. Àwọn mọ́ṣáláṣí kan ní London pe aládùúgbò tí kì í ṣe Mùsùlùmí wá bá wọn ṣínu.

Nígbà tí àlejò lọ

Lọ́jọ́ tí Òlíḿpíìkì parí, ọjọ́ 12, oṣù Kẹjọ, Anthony Joshua, ọmọ tí ẹbí rẹ̀ ti Ṣàgámù wá, gba wúrà ẹ̀ṣẹ́ kíkàn fún ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Nàìjíríà kò mú àmì ẹ̀yẹ kankan lọ sílé nínú Òlíḿpíìkì yẹn. Nínú Paralíḿpíìkì àwọn akanda ẹ̀dá tó tẹ̀ lé e, àmì ẹ̀yẹ 13 ni a gbà, mẹ́fà nínú wọn jẹ́ wúrà, Yakubu Adesokan sì gba ọ̀kan nínú rẹ̀ fún irin gbígbé.

Ní àdúgbò, abúlé àwọn eléré di ilé gbígbé 2,818, nǹkan bí ìdajì rẹ̀ sì jẹ́ fún àwọn tí apá wọn kò ká owó ilé tó wà lọ́jà. Ọgbà náà rẹwà, odò mọ́, ọkọ̀ ojú irin pọ̀ sí i. Bẹ́ẹ̀ náà ni owó ilé gòkè. Yorùbá ní ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Òótọ́ ni, Stratford rẹwà ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Àmọ́ ẹwà ilé kò ṣe é jẹ fún ẹni tí kò sí nínú ilé mọ́.

Kí ló kàn wá níbẹ̀?

Ilẹ̀ wa náà ti gbàlejò rí. Èkó gbàlejò Eré Ilẹ̀ Áfíríkà ní ọdún 1973, Àbújá sì gbà á ní ọdún 2003. Ní ọdún 2025, Nàìjíríà du ìdíje àwọn orílẹ̀-èdè Kọmọnwẹ́ẹ̀tì ti ọdún 2030. Ahmedabad ní ilẹ̀ Íńdíà ni wọ́n gbé e fún, ṣùgbọ́n àwọn aláṣẹ ìdíje náà ní àwọn yóò ràn wá lọ́wọ́ láti gbàlejò lọ́jọ́ iwájú, wọ́n sì mẹ́nu ba ọdún 2034. Bí kò bá sì jẹ́ pápá ìṣeré, ọ̀nà márosẹ̀ tàbí pápákọ̀ òfuurufú ni. Ilẹ̀ ẹnì kan ni wọn yóò gbà.

Bẹ́ẹ̀, òfin ilẹ̀ tiwa le ju ti London lọ fún onílẹ̀. Òfin Ilẹ̀ ọdún 1978 fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sí ìkáwọ́ gómìnà, gómìnà sì lè gbà á padà fún ànfààní gbogbo ìlú. Owó gbà-má-bínú tó wà nínú òfin náà dá lórí ilé, irè oko àti iṣẹ́ tí ènìyàn ṣe sórí ilẹ̀. Iye tí ilẹ̀ gan-an ń lọ lọ́jà kò sí nínú rẹ̀. Ìjọ tàbí mọ́ṣáláṣí tí kò ní C of O, tí kò sì ní ìwé àṣẹ ìkọ́lé, yóò nira fún un láti béèrè ohunkóhun lọ́jọ́ tí katakata bá dé.

Nítorí náà, ohun mẹ́ta ló yẹ kí àwọn aṣáájú ìjọ, àwọn lémọ́ọ̀mù, àwọn baálẹ̀ àti ẹgbẹ́ onílé fi sọ́kàn. Èkíní, kí wọ́n tètè bẹ̀rẹ̀. Ìgbà tí ìjọba ṣì nílò ìfọwọ́sowọ́pọ̀ aráàdúgbò ni ẹnu wọn máa ń tólẹ̀. Bí wọ́n bá ti fi ìpìlẹ̀ pápá lélẹ̀ tán, ọ̀rọ̀ ti bùṣe. Èkejì, kí wọ́n gba ìlérí sórí ìwé, kí ẹni tó ṣèlérí fọwọ́ sí i lójú gbogbo ènìyàn, kí wọ́n sì máa tọ̀ ọ́ lẹ́yìn fún ọdún mẹ́wàá bó bá gbà bẹ́ẹ̀. Ẹ̀kẹta, kí wọ́n ṣe é pọ̀. Ní Whitechapel, àlùfáà Kátólíìkì àti lémọ́ọ̀mù jókòó sórí àga kan náà nítorí owó-ọ̀yà agbálẹ̀, ìsìn kò sì ba ìsìn jẹ́. Nílẹ̀ Yorùbá tí Kristẹni àti Mùsùlùmí ti jọ ń jẹun nínú agbo ilé kan, kò yẹ kí irú èyí nira fún wa.

Àdúrà dára, ìgbàlejò sì dára. Àmọ́ bí a bá ń gbàdúrà fún àlejò rere, ẹ jẹ́ ká ti mọ ibi tí àwa fúnra wa yóò sùn lọ́jọ́ tí àlejò bá dé. Àjèjé ọwọ́ kan kò gbẹ́rù dórí.